Bó-ṣe-yẹ àti Táyà Tó Gbóná

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Bó-ṣe-yẹ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Fọkanáísà ni, ó ń lẹ táyà tó bá jò, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú èyí tó bá rọ̀. Bí awakọ̀ bá dúró níwájú àtíbàbà rẹ̀ tó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ ẹ kó le dáadáa," èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Mi ò ní fẹ́ ẹ kó le, mi ò ní fẹ́ ẹ kó rọ̀. Bó ṣe yẹ ni màá fẹ́ ẹ." Ó sọ ọ́ títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà ní oríta yẹn. Àtíbàbà rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí ọkọ̀ kan lè dúró sí lọ. Ẹ̀rọ atẹ́gùn wà lápá kan, ó máa ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Ọpọ́n omi tó fi ń wá ojú ibi tí táyà ti ń jò wà lápá kejì, bẹ́ǹṣì kan sì wà láàárín fún àwọn tó bá ń dúró. Géèjì tó fi ń wọn atẹ́gùn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá fẹ́ sún mọ́ ọkọ òun, àfi kí òun kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ géèjì.

Ohun kan wà tó máa ń bí i nínú ju gbogbo nǹkan lọ, ìyẹn ni kí awakọ̀ fi bàtà ta táyà nípàá, kó ní, "Ó dáa, ó le."

"Ṣé ewúrẹ́ ni?" Bó-ṣe-yẹ á pariwo. "Ṣé kó dún 'mẹ̀ẹ́' kó o fi mọ̀ pé ara ẹ̀ dá? Atẹ́gùn ò ṣeé fojú rí, kò ṣeé fẹsẹ̀ mọ̀. Wọ̀n ọ́n!"

Ẹ ti wá rí i pé kì í ṣe aláìbìkítà. Bó bá jẹ́ aláìbìkítà ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì bá tí dùn ún tó bó ṣe dùn ún.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi hàn án pé ìwé pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, pé iye atẹ́gùn tó tọ́ sí ọkọ̀ náà ló wà lára rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe lo iye tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀, nítorí òpin ibi tí agbára táyà mọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà ni kò mọ èyí. Bó-ṣe-yẹ mọ̀ ọ́n, ó sì ń fi í yangàn. Ọ̀gá yìí kan náà tún kọ́ ọ pé bí táyà bá ti ojú ọ̀nà dé tó gbóná, tí géèjì sì fi hàn pé atẹ́gùn inú rẹ̀ ti kọjá ti ara òpó, kó dín in kù kíákíá kó má bàa bẹ́. Bákan náà ni Bó-ṣe-yẹ ṣe gba ẹ̀kọ́ méjèèjì gbọ́, torí pé ẹnu kan náà ló ti gbọ́ wọn.

Tíṣà kan ń gbé ní òpópónà kejì. Gbogbo ọmọ Bó-ṣe-yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ́ ní ìṣirò. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bó-ṣe-yẹ fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, kò fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí. Tíṣà náà ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ ìdílé Tíṣà, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí àga ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún àlòkù ìwé àwọn ọmọ, kò lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà mìíràn láé.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé gba ìsinmi, Tíṣà yà sí àtíbàbà ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán. Láti àárọ̀ ló ti ń wa ọkọ̀ yẹn kiri nínú oòrùn, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ lọ kí àwọn òbí ìyàwó, àwọn méjèèjì àti ọmọ mẹ́ta. Bó-ṣe-yẹ wọn táyà kìíní, ó rí méjìdínlógójì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo òpó, ó rí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Hẹ́n-ẹ̀n. Ó ti pọ̀ jù."

Ó tẹ ẹnu fáàfù, atẹ́gùn gbígbóná sì ń yọ ṣìì. Bó ṣe dín ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù nìyẹn. Ìyàwó Tíṣà yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ má dín in jù o. Ẹrù wa pọ̀ lọ́la."

"Ìyàwó wa," Bó-ṣe-yẹ ní, "ṣé mo wá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ rí? Fi tèmi sílẹ̀ fún mi jàre."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ́ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ sì gbókìtì. Ìyàwó Tíṣà kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Apá àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún, kán; ara àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì bó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè irú eré tí wọ́n ń sá, Tíṣà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wà lára ẹ̀wù rẹ̀, dáhùn pé, "Mo sáré. Ó ní kí n rọra, mi ò rọra." Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́. Nígbà tó yá, àwọn àna náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi táyà léèrè ohunkóhun.

Láti ìgbà náà, Tíṣà kò wa ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀, ó sì máa ń yà jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bó-ṣe-yẹ lọ́sàn-án, nítorí kò fẹ́ tètè délé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì ń fọ aṣọ rẹ̀, kò rí i fín. Ṣùgbọ́n kì í jókòó sí yàrá tí bàbá rẹ̀ bá wà.

"Tí mo bá ti wọlé báyìí, Ẹ̀gbọ́n, á dìde," Tíṣà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Kì í ṣe pé ó bínú jáde o. Á kàn dìde ni."

Bó-ṣe-yẹ fọwọ́ lé e léjìká. "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má fi pa ara yín."

Ọdún méjì ni Bó-ṣe-yẹ fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dá a lójú ṣáká.

Nọ́ọ̀sì kan ló da gbogbo rẹ̀ rú. Obìnrin yìí ra ọkọ̀, ó sì jẹ́ irú ènìyàn tó máa ń ka ìwé tó bá nǹkan wá láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn. Ó dé lọ́sàn-án gangan pé ìṣó lu táyà òun, pé kí Bó-ṣe-yẹ bá òun lẹ̀ ẹ́. Bó lẹ̀ ẹ́ tán, ó wọn àwọn tó kù, ó rí i pé atẹ́gùn wọn ti kọjá ti ara òpó, ó sì na ọwọ́ sí fáàfù láti dín wọn kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án," nọ́ọ̀sì ní. "Ó gbóná ni. Iye tó wà lára òpó yẹn, ti táyà tútù ni. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ ọ́: ká wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kó tó rìn. Tó bá gbóná, ká má dín in kù."

"Ìwé ti dé!" Bó-ṣe-yẹ ní. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń ṣe é. Àtìgbà wo niwọ ti ra ọkọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," nọ́ọ̀sì ní, ojú ò tì í. "Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá ni mo ti ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Tí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn bá wọlé wá bá wa, a kì í wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. A máa ní kó jókòó, kó sinmi. Torí pé tá a bá wọ̀n ọ́n báyẹn, tá a fún un lóògùn lé e lórí, a lè pa á."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Bó-ṣe-yẹ ń bá àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Ó pinnu pé òun á fi hàn pé irọ́ ni ìwé yẹn pa.

Ẹ̀yìn ilé ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí, irú kan náà pẹ̀lú ti Tíṣà. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, Bó-ṣe-yẹ lóṣòó tì í, ó fẹ́ gbogbo táyà rẹ̀ sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí òpó ṣe wí. Àbúrò gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó padà dé lọ́sàn-án. Bó-ṣe-yẹ wọ̀n ọ́n: méjìdínlógójì. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá ó yà sọ́dọ̀ fọkanáísà mìíràn. Àbúrò ní ṣé orí òun dàrú ni. Bó-ṣe-yẹ dín in kù sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ayé, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi géèjì sí i. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló rí.

Ó nu géèjì náà mọ́ ṣòkòtò, ó tún fi í sí i. Méjìdínlọ́gbọ̀n náà ni. Ó lọ sí táyà kejì, ó lọ sí ìkẹta.

Ó wá pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá ka ìlà kejì tó wà lára òpó fún òun, èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fojú fò, tó rò pé ti ọkọ̀ oríṣi mìíràn ni. Àbúrò kà á: bí ènìyàn bá kún inú ọkọ̀ tí ẹrù sì wà, kí táyà ẹ̀yìn jẹ́ mẹ́rìndínlógójì.

Bó-ṣe-yẹ jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Kò sí ẹni tó mọ ju òun lọ ohun tí táyà tó rọ̀ ń ṣe lábẹ́ ẹrù. Ó ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń gbóná láti inú wá títí yóò fi ya. Ó ní irú wọn lẹ́yìn àtíbàbà, tí inú wọn ti jóná tí ìta sì dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe Ọlọ́run ló dín atẹ́gùn yẹn kù, kì í sì í ṣe Tíṣà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà ní fáàfù, ìyàwó Tíṣà sì ti kìlọ̀ fún un.

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ tó ń nù sílẹ̀.

"Ta lẹ tún sọ ọ́ fún?"

"Ìwọ nìkan."

"Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, Bàbá wọn. Tó bá bọ́, ẹ ò lè ṣà á mọ́. Ọdún méjì ti lọ. Ẹni tó kú ò ní jí. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ta ló tún máa gbé táyà ẹ̀ wá fún yín? Ta ló máa wo ojú àwọn ọmọ wa?"

"Tíṣà rò pé òun lòun pa á."

"Òun náà sáré. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò burú. Ìfẹ́ ilé rẹ̀ ló sọ ọ́. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Bó-ṣe-yẹ ṣe bó ṣe wí. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gbóná bá dé, á ní, "Ẹ lọ, kẹ́ ẹ padà wá láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ síbikíbi." Àwọn oníbàárà ń kùn pé Bàbá ti ń ya ọ̀lẹ. Tíṣà ṣì ń wá jókòó lójoojúmọ́. Bó-ṣe-yẹ kò lè fọwọ́ lé e léjìká mọ́, kò sì lè pe orúkọ Ọlọ́run mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Á kàn máa fi táyà tí kò jò sínú omi, kó lè ní nǹkan tó ń wò.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Tíṣà ní, "Ọmọ mi obìnrin ń lọ ní Sátidé."

"Lọ síbo?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá ẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun á máa gbé. Mo bi í pé títí di ìgbà wo, kò dáhùn." Tíṣà wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà, tó bá ṣeé ṣe, mi ò bá kúrò lọ́dọ̀ ara mi."

Lálẹ́ ọjọ́ náà Bó-ṣe-yẹ kò jẹun. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó sì mọ̀. "Bó bá jẹ́ pé ẹ máa lọ," ó ní, "ẹ wọ aṣọ tó mọ́."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ. Àpò méjì wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Tíṣà kúnlẹ̀, ó ń fi okùn di ìkẹta tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí o?"

"Ó wà, Tíṣà. Ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀."

Ó kọ̀ láti jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lórí ìdúró, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Ó sọ ti ọ̀sán ọjọ́ náà, ti méjìdínlógójì tó rí, ti atẹ́gùn tó tú dà nù. Ó sọ ti nọ́ọ̀sì, ti ọkọ̀ àbúrò rẹ̀, ti ohun tó bá lára táyà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó sọ ti ìlà kejì tí kò kà rí. Kò sọ pé ọ̀gá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó ti gbèrò láti sọ ọ́ nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibẹ̀, ojú tì í.

Tíṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a ṣírò rẹ̀.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n," ó ní jẹ́jẹ́. "Níbi tó yẹ kí mẹ́rìndínlógójì wà. Pẹ̀lú èèyàn márùn-ún. Ó sọ fún yín. Ó ní ẹrù wa pọ̀."

"Ó sọ fún mi."

Tíṣà dìde. Bó-ṣe-yẹ rò pé ọkùnrin náà máa lu òun, ó sì ti pinnu pé òun ò ní gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá ni Tíṣà kọjú sí, ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jáde, ó ti múra ìrìn àjò, ó dúró síbi tí ilẹ̀kùn wà.

"Ẹ sọ ọ́ fún un," Tíṣà ní.

Mo mọ àwọn ènìyàn tó lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àtúnsọ ni iṣẹ́. Bó-ṣe-yẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ní láti wo apá ọmọ náà tó tún so pọ̀ tí kò gún mọ́. Nígbà tó parí, ọmọbìnrin náà kò sunkún.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé bàbá mi ò sáré?"

Ohun tó rọrùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó gbé gbogbo rẹ̀ sórí ara rẹ̀, kó lè parí.

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mi ṣe nìkan ni mo mọ̀."

Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀. "Eré wo lẹ̀ ń sá?"

Ọdún méjì, kò bi í rí. Kò sí ẹni tó bi í láti ọjọ́ tó ti fẹnu ara rẹ̀ dá ẹjọ́ náà fún ọlọ́pàá.

"Ọgọ́rin," Tíṣà ní. "Bí mo ṣe máa ń sá a tá a bá ń lọ sọ́hùn-ún."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ sáré!"

"Ìyá ẹ ní kí n rọra, mi ò rọra. Kí ni mi ò bá tún sọ fún wọn? Mo wá ohun tó pa á kiri, èmi nìkan ni mo rí níbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wá jókòó sórí àga tó súnmọ́ bàbá rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Tíṣà kò mí, bí ẹni tí ẹyẹ bà lé lórí, kó má bàa fò lọ.

Bó-ṣe-yẹ rí i pé kò sí ohun tí òun tún ń ṣe nínú yàrá náà. Ó rọra jáde. Ó ti dé àgbàlá kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà ló tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ pọ́n, okùn àpò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ dá ọmọ mi padà fún mi lónìí. Ọlọ́run rí i."

Bó-ṣe-yẹ tẹríba.

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Ìbínú kò sí nínú ohùn rẹ̀. Ó béèrè ni, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀, ó sì dúró de èsì. Nígbà tí Tíṣà dúró títí, ó padà wọlé sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.